Àdírẹ́sì Tí Kì Í Ṣe Tiwa

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àìfojúrinjú. Ṣé orúnkún ò dùn yín jù? Èmi àti ọmọ ọmọ yín wà níbí, à ń jẹ, à ń mu, à ń ṣe wàhálà. Ẹ mọ̀ pé etí yín àti fóònù ti di ọ̀tá. Bí mo bá pè, "Sọ̀rọ̀ sókè!" nìkan ni mò ń gbọ́ títí owó á fi tán lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò.

Ìyá Ìbéèrè, ọmọ ọmọ yín, ti wọ girama. Ilé-ìwé ìjọba tó wà ní òpópónà wa gan-an ni, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Bàbá, wọ́n kun ògiri rẹ̀ dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn ò ní tíṣà ìṣirò. Ọkùnrin kan ni wọ́n ní kó máa jókòó ti àwọn ọmọ nígbà ìṣirò. Tó bá ti wọlé, á ní, "Ẹ ṣe jẹ́ẹ́," á sì ṣí ìwé ìròyìn bojú. Ọmọ yín nawọ́ sókè láti bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ó ní, "Má bi mí o, eré ìdárayá ni mo kọ́ ní tèmi."

Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ó ní kí n lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ àgbègbè wa. Àwọn yẹn ní kí n lọ sí olú ọ́fíìsì. Ní olú ọ́fíìsì, mo tò títí ẹsẹ̀ mi fi wú, obìnrin ojú fèrèsé wá sọ fún mi pé, "Àdírẹ́sì yín ló yan ilé-ìwé fún ọmọ yín, ìyáàfin, kì í ṣe àwa." Ẹ sì wò ó o, tí èèyàn bá sọdá afárá báyìí, ilé-ìwé kan wà lórí òkè níbẹ̀ tí tíṣà ìṣirò pọ̀ débi pé wọ́n ń pín kíláàsì láàárín ara wọn. Ìjọba kan náà ló ni méjèèjì! Ọ́fíìsì kan náà ló ń sanwó fún wọn!

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tí mò ń rí níbi iṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé ilé ìdáná kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ni mo wà. Àwọn ọmọ apá ọ̀dọ̀ wa tó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, kíláàsì àtúnṣe ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kó wọn sí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò tó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ láti girama. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kúrò níbẹ̀. Wọ́n á máa ra tíì lọ́wọ́ mi láràárọ̀, tó bá yá, mi ò ní rí wọn mọ́.

Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Ó ti sú mi.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ara mi le. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo fi ń kàwé.

"Ẹ lọ síbí, ẹ lọ sọ́hùn-ún," ìwọ náà sì ń lọ! Ìwà olóògbé ọkọ rẹ ló ràn ọ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, òun gan-an ló ń bẹ onítọ̀hún. Gbogbo ìgbà tí mo fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, òbí tó bá fìdí kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi tó kọ̀ tí kò dìde ni mo máa ń tètè dá lóhùn. Àwọn tó ń ṣe jẹ́jẹ́, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n padà wá lọ́la.

Ṣé o ti gbàgbé irú ọmọ tí ọmọ yìí jẹ́ ni? Kò tíì ju orúnkún mi lọ nígbà tó ń ka ìwé ìròyìn sí mi létí. Ọjọ́ tí wọ́n ń ka iye èèyàn, ó bi mí pé àwọn tó ń kà wá yìí, ta ló ń ka àwọn fúnra wọn. Mo ṣì ń ro ìdáhùn rẹ̀ títí dòní. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ mú jókòó ti alákòóso bọ́ọ̀lù?

Gbé e kúrò níbẹ̀. Bí o bá ṣe máa ṣe é, ṣe é. Mi ò fẹ́ gbọ́ àlàyé.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá wa dúpẹ́! Ìyá Ìbéèrè ti wà nílé-ìwé orí òkè, lódìkejì afárá. Tíṣà ìṣirò wọn, obìnrin kan tó ga bí òpó iná, oríṣiríṣi ẹfun aláwọ̀ ló fi ń kọ ọ́ sójú pátákó. Ọmọ yín ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ wọ kíláàsì rẹ̀, òun bi í ní ìbéèrè, obìnrin náà gbé ẹfun sílẹ̀, ó fa àga fún un, ó ní, "Tún un bi mí." Ọmọ náà délé, ó ń fò sókè.

Bọ́ọ̀sì méjì ló ń wọ̀ lọ, méjì ló ń wọ̀ bọ̀. Ojú kì í tíì là dáadáa tá a fi ń jáde nílé. Bí mo ṣe rí i ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè. Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ ò fẹ́ gbọ́ àlàyé.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú. Ariwo ọmọ náà ti dínkù. Bí mo bá bi í pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ńkọ́, á ní, "Wọ́n wà." Ìyẹn náà ni. Bóyá àárẹ̀ bọ́ọ̀sì ni.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejìlá

Ọmọ mi àtàtà,

Háà! O ṣe é! Mo ka ìwé rẹ fún ará ilé kejì, mo kà á fún onígbàjámọ̀. Ìgbà tí mo tún gbé e dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Bàbá, tí ẹ bá tún mi orí báyìí, màá gé yín létí." Mo ní kó gé e, kò ṣáà wúlò mọ́.

O rí i báyìí? O ò fẹ́ fẹsẹ̀ rinlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tó gba ọmọ wa wọlé yẹn, èèyàn gidi ni. Ọ̀gá ilé-ìwé bíi tèmi ni, mo sì mọ̀ pé àwọn òbí kì í rántí dúpẹ́ lọ́wọ́ wa; ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ni wọ́n ń rántí ọ̀nà ọ́fíìsì. Mo ń ro bí màá ṣe fi ìdùnnú mi hàn án.

Kí ló dé tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ò kọ ohunkóhun sí mi? Ṣé ó ti gbàgbé pé mo wà láyé ni? Sọ fún un pé mò ń retí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ keje, oṣù kìíní

Bàbá,

Ẹ kú ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á.

Ibi tí ẹ ti sọ pé ẹ ń ro bí ẹ ṣe máa fi ìdùnnú yín han ọ̀gá ilé-ìwé, àyà mi já pà. Ẹ má fi nǹkan kan hàn án o. Mo pe fóònù yín lẹ́ẹ̀mélòó kan láti sọ fún yín, "Ta nìyẹn?" lẹ sọ títí tí ẹ fi gbé e sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ aránṣọ ń gbé lórí òkè lọ́hùn-ún. Àdírẹ́sì rẹ̀ la lò. Mo sọ fún ilé-ìwé pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń gbé. Mo ti kọ́ ọmọ yín pé bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ilé, òpópónà aránṣọ ni kó dárúkọ. Mo mọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́. Mo mọ̀ pé ojú yín á pọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti rìn gbogbo ọ́fíìsì tó wà nílùú yìí, Bàbá, mo sì ti fìdí kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wọn bí ẹ ṣe wí. Ẹ̀ṣọ́ ló wá gbé mi dìde.

Ilé-ìwé náà ní ẹnì kan tí ń tẹ̀lé àwọn ọmọ délé láti mọ ibi tí wọ́n ń gbé. Wọ́n mú ọmọbìnrin kan bẹ́ẹ̀ kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lé e. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, mo fi orúkọ màmá mi bẹ̀ yín, kí ọ̀rọ̀ yìí má kọjá ẹnu yín.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Ọmọ mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mi ò lè dúró de ìwé rẹ kí n tó sọ èyí fún ọ, inú mi dùn jù.

O rántí Injiníà? Ọmọ tí mo kọ́ nígbà kan, tí eyín iwájú rẹ̀ yọ síta díẹ̀. Ìlú yín níbẹ̀ náà ló wà, afárá ló ń bá wọn tún ṣe. Ó tẹ̀ mí láago nínú ọdún, ará ilé kejì ló ń bá mi gbọ́ ọ. Mo ní, "Dákun, bá mi yà sí ilé-ìwé orí òkè, bá mi kí ọ̀gá wọn. Sọ fún un pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan ní kó ṣeun. Sọ fún un pé ọmọ ọmọ mi tó gbà yẹn, ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin ló ti ń wá láràárọ̀, bọ́ọ̀sì méjì ló ń wọ̀, kò sì pẹ́ dé rí. Mo fẹ́ kó mọ irú ọmọ akínkanjú tó wà lọ́wọ́ òun."

Injiníà sì lọ lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé! Ó ní inú ọ̀gá obìnrin náà dùn débi pé ó ní kí òun tún ibi tí ọmọ náà ń gbé sọ, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí òun ṣe ń sọ ọ́.

Èmi ni mo sọ fún ọ pé inú àwọn ọ̀gá máa ń dùn tí a bá kí wọn.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Bàbá,

Ẹ káàsán.

Ilé-ìwé pè mí kúrò níbi iṣẹ́. Mi ò tíì bọ́ aṣọ ilé ìdáná lọ́rùn tí mo fi dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Ọmọ yín ti jókòó síbẹ̀, báàgì wà lórí itan rẹ̀.

Obìnrin náà ní, "Ìyáàfin, níbo lẹ ń gbé?"

Mo dárúkọ òpópónà aránṣọ. Mi ò tíì rí ìwé yín gbà nígbà náà, kí n má parọ́.

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Bàbá yín rán ẹnì kan wá kí mi," ó wí. "Ó pẹ́ tẹ́nì kan ti kí mi báyẹn. Ó ní bọ́ọ̀sì méjì ni."

Mo wo ilẹ̀. Ọmọ yín náà wo ilẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ọmọ yín mọ̀wé. Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àdúgbò yìí wà tí wọn ò tíì ráyè wọlé. Kí ni kí n sọ fún ìyá wọn?"

Ì bá ṣe pé ó bú mi ni, Bàbá, ǹ bá rí nǹkan bú padà. Ó sìn wá dé ẹnu géètì, ó tún ní kí á máa rọra lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ náà ò sunkún. Ó gbé orí ti gíláàsì, ó sùn lọ fọnfọn. Èmi ni mo sunkún, tí ẹni tó jókòó tì mí fi dìde lọ síwájú.

Ìwé yín wá dé lọ́jọ́ kejì. "Ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí òun ṣe ń sọ ọ́." Mo ka ibẹ̀ títí ojú mi fi ń ṣú. Ohun tó bá ti dùn mọ́ yín, gbogbo ayé gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, láti kékeré ni mo ti mọ̀ yín mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Èyí tí mo mọ̀ yẹn kò ní kí inú má bí mi.

Ọmọ yín ti padà sọ́dọ̀ oníwèé ìròyìn. Ẹ má tíì kọ ohunkóhun sí mi ná.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

O ní kí n má tíì kọ̀wé. Mo gbìyànjú. Mi ò lè gbìyànjú jù báyìí lọ.

Inú bí mi sí ọ. Màá sọ ọ́ kó tán nínú mi. O kọ́ ọmọ ní irọ́, o sì fi pamọ́ fún mi, o wá jẹ́ kí n máa yọ̀ kiri bí aláìmọ̀kan. Inú bí mi sí Injiníà. Àgbàlagbà ọkùnrin ń sunkún lórí fóònù, ará ilé kejì ń sọ fún mi pé, "Bàbá, ó ń sunkún o," bí ẹni ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Inú bí mi sí èmi náà, nítorí èmi ni mo ní bí o bá ṣe máa ṣe é, kí o ṣe é. Onígbàjámọ̀ béèrè ọmọ náà lọ́wọ́ mi, mo ní ó wà dáadáa. Èmi náà parọ́.

Nígbà tí mo bínú sí gbogbo èèyàn tán, mo wá rò ó pé kò sẹ́nì kankan nínú wa tó kó tíṣà kúrò nílé-ìwé yẹn. Ọ́fíìsì wọn ló ṣe é. Àwa kàn ń gbá ara wa létí.

Àwọn ọmọ mélòó ló wà nínú kíláàsì yẹn? Gbogbo wọn ló ní òbí. O ti ń dá lọ sí ọ́fíìsì wọ̀nyí láti ìgbà yìí wá, ẹ̀ṣọ́ kan ló ń gbé ọ dìde. Ṣé ẹ̀ṣọ́ kan á gbé gbogbo yín?

Ṣé ọmọ náà ń bínú sí mi? Má fi pamọ́ fún mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ ń sọ ọ́ bíi pé ó rọrùn. Mo kan ilẹ̀kùn àwọn òbí títí ìka ọwọ́ mi fi bó. Àwọn kan ò ṣílẹ̀kùn. Ẹnì kan ní ṣé mò ń ta ọṣẹ ni. Ọ̀pọ̀ ló ní, "A gbọ́, a máa wá," mi ò sì rí wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ gbà ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú tiwa. Òun ló bá mi fa àwọn yòókù jáde, títí tá a fi kún ìlà àga mẹ́ta ní gbọ̀ngàn olú ọ́fíìsì lọ́jọ́ ìpàdé wọn.

Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ bọ́ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kó sọ ibi tó ń gbé kó tó sọ ohun mìíràn. Láti oṣù kọkànlá, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní àdírẹ́sì, irọ́ ló ń kọ́kọ́ yọ sí mi lẹ́nu. Mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́.

Alága ìpàdé ní, "A ò gbọ́ yín, ìyáàfin."

Mo bá pariwo ẹ̀: "Ilé kẹrìnlá, òpópónà ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin, àjà òkè pátápátá! Ibẹ̀ ni mò ń gbé! Ilé-ìwé ibẹ̀ lọmọ mi ń lọ! Kò ní tíṣà ìṣirò láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé!"

Alága ní tíṣà ti wà, lẹ́tà tó máa gbé e wá ló wà lójú ọ̀nà. Awakọ̀ dìde níbi tó jókòó sí. "Lójú ọ̀nà wo? Ẹ fún mi ní nọ́ńbà bọ́ọ̀sì rẹ̀, ẹ jẹ́ n lọ gbé e." Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ má tíì yọ̀, ẹ má sì sọ fún onígbàjámọ̀. Wọ́n fún wa ní tíṣà kan, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń wá, ilé-ìwé mìíràn ló ní ọjọ́ méjì tó kù. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ń sáré jù, kò ní àkókò láti jókòó. Lọ́jọ́ méjì yòókù, ìwé ìròyìn ló ṣì ń kọ́ wọn. Inú mi ò dùn. A máa padà lọ síbẹ̀, awakọ̀ ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun máa gbàyè. Ó rẹ̀ mí, Bàbá, débi pé mo gbàgbé kí n bínú sí yín.

Ìdáhùn ìbéèrè yín, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ọmọ náà dá yín lóhùn fúnra rẹ̀.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà

Bàbá àgbà,

Ẹ kú ilé o. Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín nínú ìwé yìí, kí ẹ gbọ́ ohùn mi láìjẹ́ pé mo pariwo.

Ẹ bèèrè bóyá mo ń bínú sí yín. Bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀. Mo ń bínú sí màmá náà, díẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì kọ ìwé títí, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, èmi tí ẹ ń pè ní Ìyá Ìbéèrè!

Mo fẹ́ràn tíṣà ìṣirò orí òkè. Mo ṣì ń rí i lójú mi tó ń kọ nǹkan sójú pátákó. Mi ò tíì dáríji ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Ọmọ kan pè mí wá sílé wọn, mo lọ. Ó wá ní òun náà fẹ́ wá sílé wa, mo ní wọ́n ń kùn ún lọ́dà. Ó tún bèèrè lóṣù tó tẹ̀lé e, mo ní wọn ò tíì kùn ún tán. Ọ̀dà tí mo ti lò sí ilé yẹn á kun gbogbo ìlú. Ló bá kúkú dẹ́kun bíbá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n lé mi, mo rò pé màá sunkún, oorun ló gbé mi lọ. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n bí?

Tíṣà tuntun dára. Mo máa ń dúró dè é lẹ́nu géètì, a máa ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ó ní òun ò rí ẹni tó ń béèrè báyìí rí. Mo ní kó wá lọ́jọ́ Ẹtì náà, ó ní kí n lọ sọ ọ́ fún ìjọba. Mo ní màmá mi ti ń bá a sọ ọ́.

Ní ọjọ́rú, ọmọ awakọ̀ sìn mí délé. Èmi ni mo ní kó wá. Mo fi yàrá wa hàn án, mo fi fèrèsé tí a ti ń rí ọkọ̀ ojú irin hàn án, a jókòó sílẹ̀, à ń ṣe ìṣirò, à ń jẹ búrẹ́dì, a sì ń pariwo gan-an. Màmá dé láti ibi iṣẹ́ láìjẹ́ pé a gbọ́. Ó bá bàtà ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣèèṣì fojú sí ihò ilẹ̀kùn, mo rí i: ó dúró, báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo bàtà náà, kò mira.

Lẹ́yìn náà, Bàbá àgbà, ó kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀.

Ọmọ ọmọ yín.